Orí Kẹrin: Bí A Ṣe Ń Fi RSS Gba Ìròyìn Láti Ọwọ́ Ẹni Tí Ó Kọ Ọ́

Ní ọdún 1859, nígbà tí àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta, ìlú àwọn ọmọ Lísàbí tí ó fi ẹ̀yìn ti Olúmọ, ohun tí ẹni tí ó ra ìwé náà ní Aké bá kà nínú rẹ̀ ni ẹni tí ó rà á ní Ìtòkò náà yóò bá níbẹ̀. Bí olóòtú bá gbé ọ̀rọ̀ kan síwájú tí ó sì ti òmíràn sẹ́yìn, ojú gbogbo ènìyàn ni ó ṣe é, ẹni tí ètò náà kò bá sì tẹ́ lọ́rùn mọ ilé ẹni tí yóò tọ̀ lọ láti sọ tẹnu rẹ̀. Lóde òní tí púpọ̀ nínú wa ń ka ìròyìn lórí Facebook, lórí X tàbí lórí Instagram, ẹ̀rọ ni ó ń to ohun tí a óò rí, ó sì ń tò ó lọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, débi pé tọkọtaya tí ó jókòó sórí àga kan náà lè máa wo ayé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ kan fi hàn án tí èkejì fi pamọ́ fún un. Instagram ti fìgbà kan rí ń to àwòrán bí wọ́n ṣe ń jáde ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ṣùgbọ́n ní ọdún 2016 ni ó fi ètò náà sílẹ̀ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa yàn. Ìpolówó ọjà ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí fi ń jẹun. Bí ojú wa bá ṣe pẹ́ lọ́dọ̀ wọn tó ni owó wọn ṣe ń gbèrú tó, nítorí náà ohun tí yóò dá wa dúró ni wọ́n ń wá, ìbáà jẹ́ ohun tí ó ṣe wá láǹfààní, ìbáà jẹ́ èyí tí ó kàn ń mú wa bínú.

Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ó tọ́, ó sì yẹ, kí ẹni tí ó mọ̀wé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ohun tí yóò kà, kí ó mọ ibi tí ó ti wá, kí ó sì mọ ìgbà tí ó kà á tán. Ọ̀nà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ ní orí yìí ni èyí tí a ń pè ní RSS. Kò gba owó, kò gba ọgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí ó ti wà nílẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí ó ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé kò sí ẹni tí ó ń náwó láti polówó rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó ń jèrè gọbọi nídìí rẹ̀.

Ìkànnì tí ó bá ní RSS a máa tọ́jú fáìlì kékeré kan sí àdírẹ́sì kan tí kì í sábà yí padà. Fáìlì yìí ni à ń pè ní fíìdì. Inú rẹ̀ ni ẹ ó ti bá àkọlé àwọn ọ̀rọ̀ tí ìkànnì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde, ọjọ́ àti wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jáde, líǹkì tí yóò gbé ènìyàn dé ibẹ̀, àti ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa rẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ó bá wu ẹni tí ó ni ín láti fi gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yin ní tiyín yóò fi áàpù kan tí ń ka fíìdì sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ ó sì fún un ní àdírẹ́sì àwọn fíìdì tí ẹ fẹ́. Iṣẹ́ áàpù náà dàbí iṣẹ́ ìránṣẹ́ tí baálé ń rán yí abúlé ká: yóò kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, yóò béèrè bóyá ohun titun wà, bí kò bá sí yóò yíjú padà láìjókòó, bí ó bá sì wà yóò gbé e wá sílé. Bí ó bá ti bi ìkànnì léèrè tí kò sì sí ohun tí ó yí padà láti ìgbà tí ó ti wá kẹ́yìn, ìkànnì tí a ṣe dáadáa a máa fi nọ́ńbà 304 dá a lóhùn, kò sì ní fi fáìlì náà ránṣẹ́ rárá. Ìyẹn ni dátà kì í fi í ṣòfò nídìí rẹ̀. Ẹ ó rí i nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ń wọlé tọ̀ yín wá bí ó ti jáde, èyí tí ó jáde kẹ́yìn lókè, èyí tí ó ṣíwájú rẹ̀ nísàlẹ̀, láìsí ẹni tí ó ń gbé ọ̀kan gun orí èkejì.

Ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé RSS jáde, ní oṣù kẹta ọdún 1999, kí ojúewé tí ó ṣe fún àwọn oníbàárà rẹ̀ lè máa kó àkọlé ìròyìn jọ láti oríṣiríṣi ìkànnì. Nígbà tí Netscape yọwọ́, àwọn ẹlòmíràn gbà á tọ́. Dave Winer ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ títí ó fi di RSS 2.0 ní ọdún 2002, èyí tí ó gbilẹ̀ títí di òní. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kejìlá ọdún 2000, ẹgbẹ́ mìíràn ti gbé RSS 1.0 kalẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí ó sì kọ òfin rẹ̀ ni Aaron Swartz, ọmọ ọdún 14 péré nígbà náà, tí ó ń bá àwọn tí ó tó bí i lọ́mọ fikùn lukùn lórí bí ó ṣe yẹ kí a ṣe é. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 2005 ni ẹ̀dà mìíràn tí à ń pè ní Atom dé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kàn fẹ́ ka ìwé rẹ̀ kò nílò láti da ara rẹ̀ láàmú lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn, nítorí áàpù tí ó dára ń ka gbogbo wọn.

Ní ti áàpù, ẹni tí fóònù rẹ̀ bá jẹ́ Android, èmi a gbà á níyànjú pé kí ó fi Feeder bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè orúkọ, kò béèrè nọ́ńbà fóònù, kò sì béèrè ímeèlì. Bí ẹ bá ti fi sórí fóònù tán, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tí ń lo iPhone tàbí kọ̀ǹpútà Mac ní NetNewsWire, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn tí ó ń lo Thunderbird láti ka ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà ti ní ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó nínú ṣòkòtò, nítorí Thunderbird ń ka fíìdì láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìyàtọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí títí yóò fi dí wọn lọ́wọ́. Áàpù bíi Feeder ń jókòó sórí fóònù yín, nígbà tí fóònù bá sì wà ní títàn tí nẹ́tíwọ̀kì wà nìkan ni ó lè jáde lọ wá ìròyìn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, fíìdì kì í mú gbogbo ohun tí ìkànnì ti kọ rí dání. Èyí tí ó jáde kẹ́yìn nìkan ni ó máa ń gbé. Ìkànnì tí a fi WordPress ṣe, tí kò sì sí ẹni tí ó yí ètò rẹ̀ padà, 10 péré ni ó máa ń fi síbẹ̀. Bí ìwé ìròyìn kan bá ń gbé ogójì ọ̀rọ̀ jáde lójúmọ́, tí ẹ sì rìnrìn àjò lọ sí ibi tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti ja geere, púpọ̀ nínú ohun tí ó jáde lẹ́yìn yín ni yóò ti bọ́ kúrò nínú fíìdì kí ẹ tó dé. Ẹni tí èyí bá jẹ lógún lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Feedly tàbí Inoreader, tí ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tiwọn níbi tí wọ́n wà ni ó ń lọ wá ìròyìn náà tọ̀sán-tòru, tí yóò sì tọ́jú rẹ̀ de yín. Ohun tí ẹ ó fi san án ni pé ilé-iṣẹ́ náà yóò mọ ohun tí ẹ ń kà. Fún ẹni tí ó ń tẹ̀lé àwọn òǹkọ̀wé tí ń kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, Feeder tó, ó sì ṣẹ́kù.

Ẹ wá jẹ́ kí a mú iṣẹ́ ṣe. Ẹ ṣí áàpù náà, ẹ wá ibi tí a ti ń fi fíìdì titun kún un, tí púpọ̀ nínú wọn máa ń fi àmì ìròpọ̀ hàn, ẹ sì tẹ àdírẹ́sì yìí síbẹ̀: feeds.bbci.co.uk/yoruba/rss.xml. Fíìdì BBC News Yorùbá nìyẹn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2018. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi yo.globalvoices.org/feed/ kún un, níbi tí àwọn atúmọ̀ ti ń gbé ìròyìn láti ìlú àti orílẹ̀-èdè mìíràn wá sí èdè wa. Bí ẹ bá fẹ́ ìwé ìròyìn tí ó ń tú ìdí ọ̀rọ̀ ìjọba wò ní Nàìjíríà, ẹ fi ti Premium Times náà kún un: premiumtimesng.com/feed. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àkọlé ọ̀rọ̀ láti ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò tò sójú kan náà níwájú yín.

Òǹkàwé tí ó bá fara balẹ̀ yóò ti rí i pé àdírẹ́sì méjì tí ó kẹ́yìn wọ̀nyẹn fi ọ̀rọ̀ kan náà parí. Bí a ṣe ń mọ fíìdì nìyẹn, nítorí irú ẹ̀rọ tí a fi kọ́ ìkànnì ni ó máa ń sọ ibi tí fíìdì rẹ̀ wà. Èyí tí a bá fi WordPress kọ́, tí wọ́n sì pọ̀ bí eṣú lórí ayélujára, ẹ ó fi /feed/ sí ìdí àdírẹ́sì rẹ̀. Ti Substack náà, /feed ni. Ti Blogger, tí àdírẹ́sì rẹ̀ sábà máa ń ní blogspot nínú, ẹ ó fi /feeds/posts/default sí i. Ẹni tí ẹ fẹ́ máa tẹ̀lé lórí Mastodon, ẹ fi .rss sí ìdí àdírẹ́sì ojúewé rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọjà: bí ẹ kò bá tilẹ̀ mọ irú èyí tí ó jẹ́, ẹ ṣe ẹ̀dà àdírẹ́sì ìkànnì náà gan-an, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú áàpù, áàpù fúnra rẹ̀ yóò sì wá fíìdì náà kàn bí ó bá wà. Bí ìyẹn náà bá kùnà, ẹ ṣí ìkànnì náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl àti U pa pọ̀ kí ẹ lè rí bí a ṣe kọ ojúewé náà lábẹ́lẹ̀, kí ẹ sì wá ọ̀rọ̀ náà “rss” tàbí “atom” nínú rẹ̀. Àdírẹ́sì tí ẹ bá rí nítòsí rẹ̀ ni ẹ ń wá. Ìkànnì mìíràn a máa fi àmì kékeré aláwọ̀ ọsàn hàn, èyí tí ó ní ẹyọ tó-tó kan nísàlẹ̀ àti ìlà kọ́rọkọ̀rọ méjì lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá wá a tì pátápátá, ẹ kọ̀wé sí ẹni tí ó ni ìkànnì náà. Mo sọ èyí pẹ̀lú ìtara, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti fíìdì wọn pa kò mọ̀ pé àwọn tì í pa; ẹni tí ó bá wọn kọ́ ìkànnì ni ó ṣe é láìbi wọ́n. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

YouTube ni ibi tí RSS ti wúlò fún wa jù lọ, tí àwọn ènìyàn kò sì mọ̀. Fíìmù wa, ewì wa, ẹ̀kọ́ nípa Ifá àti ìtàn ìlú, ìwàásù àti wáàsí, gbogbo rẹ̀ ni ó kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọlé láti wo ohun kan yóò jáde lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú ohun mẹ́wàá tí kò wá lọ, nítorí ẹ̀gbẹ́ fídíò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti to àwọn mìíràn sílẹ̀ dè é. Gbogbo ojúlé, ìyẹn channel, tí ó wà lórí YouTube ni ó ní fíìdì, bí YouTube kò tilẹ̀ kọ ọ́ síbì kankan tí ojú tètè ń rí. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni youtube.com/feeds/videos.xml?channel_id= pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ojúlé náà ní ìdí rẹ̀, èyí tí ó máa ń fi lẹ́tà UC bẹ̀rẹ̀. Láti rí nọ́ńbà náà, ẹ lọ sí ojúewé ẹni náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí ibi tí ó ti sọ nípa ara rẹ̀, ẹ tẹ ibi tí a ti ń pín in fún ẹlòmíràn, ẹ ó sì rí ibi tí a ti lè ṣe ẹ̀dà nọ́ńbà náà. Láti ọjọ́ náà lọ, bí fídíò titun bá jáde, àkọlé rẹ̀ yóò wá bá yín nínú áàpù. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó wò ó, ẹ ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ yín. Fídíò 15 tí ó jáde kẹ́yìn ni fíìdì náà máa ń gbé, ìyẹn sì tó fún ojúlé tí kò bá ń da fídíò sílẹ̀ bí òjò.

Pọ́díkáàsì kò yàtọ̀. RSS ni ó gbé e dúró láti ìbẹ̀rẹ̀: fíìdì ni, tí a so fáìlì ohùn mọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ohun kan náà sì ni AntennaPod àti àwọn áàpù pọ́díkáàsì mìíràn ń kà. Bí ẹnì kan bá sọ pé orí áàpù kan ṣoṣo ni a ti lè gbọ́ ètò òun, ó ti yọ ọ́ kúrò nínú ọjà gbogbogbòò nìyẹn, mo sì ka irú rẹ̀ sí àdánù fún àwọn olùgbọ́.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ RSS a máa fẹ́ kó gbogbo ayé jọ sínú áàpù rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí nọ́ńbà ohun tí kò tíì kà yóò fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ẹ̀rù áàpù náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ ni ó sábà ń fa èyí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ya ìwé ìròyìn sọ́tọ̀ sínú àpò tirẹ̀, kí ẹ sì fi àwọn òǹkọ̀wé tí kì í kọ̀wé púpọ̀ sínú àpò mìíràn, èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ máa ṣí. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ronú fún oṣù kan kí ó tó kọ̀wé kò gbọdọ̀ rì sábẹ́ ìròyìn eré bọ́ọ̀lù. Púpọ̀ nínú ìkànnì WordPress tún ń jẹ́ kí a mú ẹ̀ka kan ṣoṣo nínú wọn: ẹ tẹ orúkọ ẹ̀ka náà, bóyá ètò ìlera tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀, kí ẹ sì fi /feed/ sí ìdí àdírẹ́sì tí ó bá jáde. Nínú ètò Feeder, ẹ lè pàṣẹ pé Wi-Fi nìkan ni kí ó fi máa wá ìròyìn, kí ó má sì gbé àwòrán wọlé bí kò bá sí Wi-Fi. Ẹni tí ń ra dátà ní ìwọ̀n-ìwọ̀n yóò mọ ìyàtọ̀ kí oṣù tó parí. Bí ohun tí ẹ kò kà bá sì pọ̀ jù, ẹ sọ fún áàpù pé ẹ ti ka gbogbo rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Kò sí ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè.

Ibi tí agbára RSS mọ náà wà. Facebook kò fún ni ní fíìdì mọ́, X náà kò fún ni, ohun tí ó wà nínú WhatsApp kò sì lè jáde síta. Àwọn kan ń ṣe ẹ̀rọ tí ń bá ni fi ọgbọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń dẹnu kọlẹ̀ láìpẹ́. N kò ní rán ẹnikẹ́ni lọ sídìí rẹ̀. Ìwé ìròyìn tí ń gba owó kí a tó kà á yóò ṣì gba owó rẹ̀, àkọlé lásán ni fíìdì yóò fi hàn yín.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ojú wa rí ní ọdún 2021. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ni a dí ọ̀nà Twitter, tí ó ti di X báyìí, ní gbogbo Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ni NBC, àjọ tí ń mójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ nílẹ̀ wa, pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pé kí wọ́n yé lò ó, ọ̀nà náà kò sì ṣí padà títí di ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Àwọn tí ó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń rí líǹkì ìwé ìròyìn ní láti wá ọgbọ́n mìíràn dá. Ìkànnì àwọn ìwé ìròyìn náà kò kúrò níbi tí wọ́n wà, fíìdì wọn sì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn. Ẹni tí ó ti fi wọ́n sínú áàpù rẹ̀ kò pàdánù àkọlé kan nítorí pé a dí Twitter.

Àgbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta, nítorí náà ẹ má gbójú lé áàpù kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Google ní irú rẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Google Reader, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri àgbáyé sì fẹ́ràn gidigidi. Ní oṣù kẹta ọdún 2013 ni Google kéde pé òun yóò tì í, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 1 oṣù keje, ó tì í. Ohun tí ó yọ àwọn oníbàárà rẹ̀ ni pé a lè kó orúkọ gbogbo fíìdì tí ènìyàn ń kà sínú fáìlì kan tí à ń pè ní OPML, kí a gbé e lọ sínú áàpù mìíràn, kí gbogbo rẹ̀ sì tò síbẹ̀ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Feeder, NetNewsWire, Thunderbird, Feedly àti Inoreader, gbogbo wọn ni ó ń kọ OPML, tí wọ́n sì ń kà á. Nígbàkígbà tí ẹ bá ti fi fíìdì bí i mélòó kan kún tiyín, ẹ wọ inú ètò áàpù náà, ẹ gbé OPML jáde, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín tàbí kí ẹ kó o sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ lè fi fáìlì náà fún ọ̀rẹ́ tàbí ọmọ yín tí ó wà lókè òkun, kí òun pẹ̀lú lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ bá a dé.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fíìdì kan yóò dákẹ́. Bí áàpù bá fi àmì àṣìṣe hàn lára rẹ̀, ẹ lọ wo ìkànnì náà fúnra rẹ̀: ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ àdírẹ́sì, ẹ ó sì wá titun bí mo ti là á sílẹ̀ lókè, bí ìkànnì náà bá ti wó, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí kò bá sí àmì àṣìṣe, tí ó kàn jẹ́ pé òǹkọ̀wé náà kò kọ nǹkan kan láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò gba àyè, kò sì jẹ dátà tí ó tó nǹkan; ọjọ́ tí ó bá tún kọ̀wé, ì báà ṣe lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ ó rí i nínú áàpù yín lọ́jọ́ náà.